Ilé Àdúrà Kékeré

Nínú ìwé ìtàn tí a ń kà ní ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ilé ńlá ni ó máa ń gba ojú ìwé. A ń kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ ààfin ọba àti ti àwọn kàtídírà tí ṣóńṣó wọn ga sókè réré. A kì í sábà kọ́ wọn ní ìtàn àwọn ilé kéékèèké tí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ti ń gbàdúrà, níbi tí ọba kan kò sùn rí, tí ogun kan kò sì tìtorí rẹ̀ jà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa wí pé bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ìtàn irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sọ. Èmi yóò mú ọ̀kan láti òkè òkun, èmi yóò sì mú èkejì láti inú Èkó níhìn-ín. Lẹ́yìn náà ni n ó sọ ìdí rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára.

Katikísì ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ilé àdúrà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni ó sì wà ní ìtọ́jú mi nísinsìnyí. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì tí àlejò ń wá wò. Yàrá gígùn kan ni, tí ó ní ìjókòó mẹ́jọ, tábìlì kan, àti agogo kan tí a so mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn oníṣòwò Ìdúmọ̀tà bá ń palẹ̀ ọjà mọ́, tí àwọn aláàárù bá ń sáré kọjá pẹ̀lú ẹrù ìkẹyìn, mo máa ń lu agogo náà. Nígbà mìíràn a máa ń pé méjìlá. Lọ́pọ̀ ìgbà a kì í ju márùn-ún lọ: ìyá arúgbó méjì, télọ̀ kan, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan, àti èmi. Àlùfáà a máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti fún wa ní Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, àwa fúnra wa ni a ń kọ Sáàmù, tí a sì ń ka Ìwé Mímọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí sílẹ̀ ná, kí a kọjá sí òkè òkun.

Ní nǹkan bí ọdún 480 ni a bí Benedict ní Nursia ní ilẹ̀ Ítálì. Ó kọ Òfin kan, tí ó ní orí 73, fún àwọn tí ó fẹ́ máa gbé pọ̀ nínú àdúrà àti iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn ni a ń pè ní mọ́ńkì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìkan ni ó wà nínú Òfin náà. Ó sọ ìwọ̀n oúnjẹ tí ẹnì kan yóò jẹ, wákàtí tí wọn yóò sùn, bí wọn yóò ti gba àlejò, àti bí wọn yóò ti máa gba iṣẹ́ ilé ìdáná ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìgbà méje ní ọ̀sán àti ìgbà kan ní òru ni a ń pè wọ́n sí Sáàmù. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí: Benedict kò béèrè pé kí mọ́ńkì jẹ́ àlùfáà. Àní àlùfáà tí ó bá fẹ́ wọ ilé rẹ̀ ní láti tẹrí ba fún Òfin náà gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ń pa wákàtí àdúrà mọ́, tí ó sì ń gbọ́ràn, òun ni mọ́ńkì.

Àwọn ilé mọ́ńkì kan tóbi bí ìlú. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ ọmọ lábẹ́ ilé ńlá, gẹ́gẹ́ bí ìjọ oko ti máa ń wà lábẹ́ ìjọ àgbà. Finchale jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní etí odò Wear, tí kò jìnnà sí ìlú Durham. Ẹni tí ó sọ ibẹ̀ di ibi àdúrà kì í ṣe àlùfáà. Oníṣòwò ni; Godric ni orúkọ rẹ̀. Ó ti kiri ọjà, ó ti ní ìpín nínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì ti rin ìrìn àjò dé Jerúsálẹ́mù, kí ó tó fi òwò sílẹ̀ tí ó sì lọ kọ́ ahéré sí etí odò náà. Níbẹ̀ ni ó ti gbàdúrà fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, títí ó fi kú ní 1170. Àwọn mọ́ńkì Durham bọ́ sí ibi tí ó fi sílẹ̀, ní 1196 ni a sì dá ilé kékeré tiwọn sílẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn ará ilé náà kò pọ̀ rí. Nígbà tí ó pẹ́, a sọ ọ́ di ibi ìsinmi: mọ́ńkì mẹ́rin a máa ti Durham wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀, a óò sì fi mẹ́rin mìíràn sílẹ̀ tí ó jẹ́ onílé, kí àdúrà má baà dá. Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, wọ́n wó àwọn apá ilé ìsìn náà, wọ́n sì mọ ògiri dí àárín àwọn òpó rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé àárín gbùngbùn nìkan ni ó kù fún ìlò. Ilé náà dín. Àdúrà kò dín.

Ní 1536, nígbà Ọba Henry Kẹjọ, a ṣe òfin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí a ti gbogbo ilé mọ́ńkì tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún kò bá tó 200 pọ́n-ùn. Wọ́n wí pé ìwà àwọn ilé kéékèèké ti bàjẹ́, ó sì lè jẹ́ pé òtítọ́ wà nínú ẹ̀sùn náà ní ibì kan tàbí òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo òṣùwọ̀n tí a lò: owó ni a fi wọn ilé náà, a kò fi àdúrà wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ilé kéékèèké ti lọ tán, kò pẹ́ tí ó fi kan ilé ńláńlá. Nígbà tí yóò fi di 1540, kò sí ilé mọ́ńkì kan tí ó kù ní gbogbo ilẹ̀ náà. Finchale bá wọn lọ. Ògiri rẹ̀ ṣì dúró létí odò títí di òní, láìsí òrùlé.

Síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ó kú. Nígbà tí a ṣe Ìwé Àdúrà ìjọ wa àkọ́kọ́ ní 1549, a kó àwọn wákàtí àdúrà ìgbàanì jọ sí méjì, ìyẹn Ìsìn Òwúrọ̀ àti Ìsìn Ìrọ̀lẹ́, a sì pín Sáàmù sí ọgbọ̀n ọjọ́ kí gbogbo ènìyàn lè kà á tán lóṣooṣù. Katikísì tí ó ń lu agogo ìrọ̀lẹ́ ní Èkó, ìpẹ̀kun okùn àwọn mọ́ńkì ni ó dì mú, ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀. Okùn mìíràn tún wà. Ilẹ̀ tí ó ti jẹ́ ti àwọn mọ́ńkì Durham bọ́ sí ọwọ́ àwọn àlùfáà kàtídírà ibẹ̀. Láti inú ọrọ̀ náà ni wọ́n ti dá Yunifásítì Durham sílẹ̀ ní 1832. Ní 1876, Yunifásítì náà gba Fourah Bay College ní Freetown mọ́ra, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa fi lè gba oyè Durham láìkọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Isaac Oluwole, tí ó ṣe ọ̀gá CMS Grammar School ní Èkó kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, wà lára àwọn tí ó gbà á. Bí ẹ bá ń ka orúkọ àwọn olùkọ́ àtijọ́ ní Èkó, ẹ rántí pé ẹrè àwọn tí ó ń jí lóru kọ Sáàmù létí odò Wear wà nínú ẹ̀kọ́ wọn.

Ẹnì kan lè bi mí pé, Èkó ńkọ́? Ǹjẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní Èkó rí? Ní ayé àtijọ́, kò sí mọ́ńkì kan tí ó kọ́ ilé sí erékùṣù yìí. Ṣùgbọ́n ilé kan wà tí ó sún mọ́ ọn ju gbogbo ilé yòókù lọ, láàrín àwọn Àgùdà, níhà Campos. Kí a tó dé ibẹ̀, a ní láti kọ́kọ́ gba Bahia kọjá, nítorí láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn Àgùdà ti wá.

Ní 1582 ni àwọn ọmọlẹ́yìn Benedict kọ́ ilé wọn sí ìlú Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíl. Níbẹ̀ ni ó yẹ kí a ti sọ òtítọ́ láìfi oyin bò ó. Àwọn mọ́ńkì wọ̀nyí ní oko ìrèké, wọ́n sì ní ẹrú. Àwọn ènìyàn tí a kó láti èbúté ilẹ̀ wa ni ó ń ro oko fún àwọn tí ó ń kọ Sáàmù. Ó di 1871 kí wọ́n tó dá gbogbo ẹrú wọn sílẹ̀, ó sì di 1888 kí òfin tó pa oko ẹrú rẹ́ ní gbogbo Bràsíl. Ẹni tí ó bá ń yin ilé àdúrà gbọ́dọ̀ rántí èyí. Agogo lè máa dún déédéé, kí ìwà ìkà sì máa gbé abẹ́ òrùlé kan náà.

Ṣùgbọ́n ní ìlú Salvador kan náà, àwọn ènìyàn dúdú, ẹrú àti òmìnira, ní ẹgbẹ́ Rósárì tiwọn. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún wọ́n kọ́ ilé ìsìn tiwọn sí Pelourinho. Wọ́n ń dá owó jọ, wọ́n ń sin òkú ara wọn, wọ́n ń ran ẹni tí ó fẹ́ ra ara rẹ̀ padà lọ́wọ́. Àwọn fúnra wọn ni ó ń yan olórí àti akápò wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ bí a ti ń di ẹ̀sìn mú láìdúró de àlùfáà. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ ti 1835, tí àwọn Mùsùlùmí, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Yorùbá, dìde ní Salvador, ìjọba fi ojú àwọn ènìyàn dúdú rí màbo, àwọn tí ó lè padà sí ilẹ̀ baba wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Nígbà tí ó di pé a lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní December 1851, tí òwò ẹrú sì kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n pọ̀ sí i. Wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà. Káfíńtà àti bírìkìlà pọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì hàn lára ilé Èkó. Orúkọ òpópónà Tọ́kùnbọ̀ ṣì ń jẹ́ ẹ̀rí wọn títí di òní.

Wọ́n dé pẹ̀lú rósárì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan tí ó ń gbé ní Èkó. Nígbà náà ni Antonio dìde. Ẹrú ni ó ti jẹ́ rí kí ó tó di òmìnira. Láti erékùṣù São Tomé ni ó ti wá. Àwọn ènìyàn ń pè é ní Padre, èyí tí í ṣe Baba, ṣùgbọ́n a kò fi í jẹ oyè àlùfáà rí. Ó pe àwọn ará rẹ̀ jọ, ó kọ́ ilé ìsìn kékeré kan fún wọn, ó ń darí àdúrà wọn, ó ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn, ó sì ń sin òkú wọn. Kò ní àṣẹ láti rú ẹbọ Mísà. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ tó ni ó ń ṣe, ó sì ń ṣe é déédéé.

Ní 1861 ni Fadá Francesco Borghero, ará Ítálì, dé Ouidah pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn oníwàásù tí a dá sílẹ̀ ní Lyon ní 1856. Nígbà tí ó wá wo Èkó ní 1863, ìjọ ni ó bá níbẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Ní 1868 ni Fadá Bouche wá láti máa gbé Èkó. Ní 1881 ni ilé ìsìn ńlá ti Holy Cross parí, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà fi ọgbọ́n Bahia kọ́. Ní 1934 ni a fi ìpìlẹ̀ kàtídírà tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí lélẹ̀, ó sì parí ní 1939. Ẹni tí ó bá ń lọ ní òpópónà Igbóṣeré lè rí ilé ńlá náà. Kò sí ẹni tí ó lè rí ilé Antonio mọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ilé kékeré náà, ta ni àwọn Fadá ì bá bá níbẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀dọ̀ àwọn Àgùdà nìkan ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1852, nígbà tí Akítóyè padà sórí oyè, James White, ọmọ Sàró, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wàásù fún CMS ní Èkó. Katikísì ni nígbà náà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni a tó fi í jẹ àlùfáà. Ìjọ St. Paul's ní Breadfruit, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní àkókò kan náà, wà ní ibi tí a ti ń kó ẹrú pamọ́ sí tẹ́lẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Ìdí ilé ńlá wa gbogbo ni a óò ti bá ẹnì kan tí kì í ṣe àlùfáà, tí ó pe ènìyàn díẹ̀ jọ, tí kò sì jẹ́ kí ọjọ́ kan yẹ̀.

Mo mọ ìyá àgbà kan ní Pópó Àgùdà, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nígbà tí mo lọ kí i ní ọjọ́ kan, ó ń ka àdúrà kan ní èdè Potogí. Mo dúró títí ó fi parí, mo sì bi í pé, "Ìyá, ǹjẹ́ ẹ gbọ́ èdè tí ẹ fi ń gbàdúrà yìí?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ìyá ìyá mi ni ó fi kọ́ mi. Èmi kò gbọ́ ọ tán. Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ gbọ́ ọ." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé. Kí àdúrà kan tó lè rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, láti Bahia dé Èkó, láti ẹnu ìyá dé etí ọmọ, ẹnì kan ní láti máa kà á lójoojúmọ́ nígbà tí kò sí ẹni tí ń wò ó.

Wàyí o, ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára nìyí. Ní ọdún tí ó kọjá, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ìjọ wa dá a lábàá pé kí a ti ilé àdúrà Ìsàlẹ̀ Èkó náà, kí a sì sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni ibi. Owó ilé ga ní àyíká ọjà. Òrùlé ìjọ àgbà ń jò. Owó àwọn olùkọ́ ọmọdé sì ń pẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ wọn. Wọ́n bi mí pé, "Katikísì, ènìyàn mélòó ni ó ń wá ní ìrọ̀lẹ́?" Mo dá wọn lóhùn pé márùn-ún ni. Wọ́n wo ara wọn lójú. Wọ́n ní kí n wá sọ tẹnu mi ní ìpàdé tí ń bọ̀.

Èmi kò fẹ́ fi omijé bẹ̀ wọ́n, nítorí omijé kì í tún òrùlé ṣe. Mo ro ọ̀rọ̀ Finchale títí. Àwọn mọ́ńkì ibẹ̀ kò jà láti di gbogbo ilé mú. Wọ́n wó apá rẹ̀, wọ́n sì di àárín rẹ̀ mú. Nígbà tí ìpàdé pé, mo wí fún ìgbìmọ̀ pé kí a mọ ògiri dá yàrá gígùn náà sí méjì: kí a yá oníṣòwò ní iwájú, tí ó kọjú sí òpópónà, kí a sì fi ẹ̀yìn sílẹ̀ fún àdúrà, pẹ̀lú ìjókòó mẹ́rin, tábìlì, àti agogo. Mo sọ fún wọn nípa òfin 1536 àti òṣùwọ̀n 200 pọ́n-ùn rẹ̀. Mo sọ fún wọn nípa Antonio pẹ̀lú. Bàbá kan nínú wọn, tí ó jẹ́ oníṣirò owó, dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì wí pé òun kò mọ̀ pé ìjọ tí ó tóbi tó ti Holy Cross bẹ̀rẹ̀ báyìí. Wọ́n gbà fún ọdún kan. Ògiri náà ti wà níbẹ̀ báyìí; ẹni tí ń ta aṣọ ni ó wà níwájú, a sì máa gbọ́ bí ó ti ń wọn aṣọ nígbà tí a bá ń kọ Sáàmù. Èmi kò mọ ohun tí ìgbìmọ̀ yóò ṣe nígbà tí ọdún bá pé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín wà ní ibi tí àlùfáà kì í dé nígbà gbogbo. Kíláàsì yín lè kéré. Àwọn tí ń wá sí àdúrà òwúrọ̀ lè máà tó iye ìka ọwọ́ kan. Ẹ má ṣe rò pé ẹ ń ṣọ́ ibi òfìfo títí ẹni ńlá yóò fi dé. Ẹ̀yin sì ni, ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, bí ẹ bá ń kọ ìtàn ìlú yín, ẹ má ṣe dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ńlá nìkan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà pé, kí ilé yìí tó dé, níbo ni a ti ń gbàdúrà, ta ni ó sì ń lu agogo? Ẹ kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀ kí ó tó parẹ́. Ẹni tí ó bá pa wákàtí rẹ̀ mọ́ ní ibi kékeré ti ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tán. Iye àwọn tí ó wá kì í ṣe tirẹ̀ láti kà.